Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ Òru Wa?



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Níbikíbi tí ènìyàn méjì bá ti pàdé ní Atakpamé, ìbáà ṣe ní Gnagna, ní Djama tàbí ní Agbonou, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ olè fi ń wọ inú ìjíròrò wọn. Ẹnìkan yóò ní wọ́n gbé alùpùpù òun lọ ní ẹnu ọ̀nà ilé. Òmíràn yóò ní wọ́n já ìsọ̀ ìyàwó òun, wọ́n kó aṣọ tí kò tíì san owó rẹ̀ tán. Ẹni tí ó ti oko dé yóò sọ ti ewúrẹ́ tí ó wọ inú òkùnkùn tí kò jáde mọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀sùn yóò yí sí ọ̀dọ̀ ìjọba: a pe ọlọ́pàá, wọn kò tètè dé; wọ́n ní ọkọ̀ kò ní epo; wọ́n mú olè náà, nígbà tí ó di ọjọ́ kẹrin a tún rí i ní ọjà. Owó orí ni à ń san, tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ni à ń gbà lójoojúmọ́, síbẹ̀ òkùnkùn bo àdúgbò. Kí ni wọ́n ń fi owó wa ṣe?

A kò ní sọ pé ẹ̀sùn wọ̀nyí kò tọ́. Ẹni tí olè jà ní ẹ̀tọ́ láti ké. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹni tí kò mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè, gbogbo ojú tí ó bá rí ni yóò máa bínú sí, kò sì ní rí gbèsè rẹ̀ gbà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ni iṣẹ́ ààbò wà lọ́wọ́ rẹ̀? Lọ́dọ̀ ta ni owó rẹ̀ ti ń wá? Kí sì ni ìdílé kọ̀ọ̀kan lè ṣe láìṣẹ̀ sí òfin, láìṣẹ̀ sí Ọlọ́run?

ỌLỌ́PÀÁ KÌ Í ṢE ÒṢÌṢẸ́ KỌMÚÙNÙ

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé olórí kọmúùnù, ẹni tí à ń pè ní maire, ni ó ń rán ọlọ́pàá níṣẹ́, tí ó sì ń san owó oṣù wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Togo, ti orílẹ̀-èdè ni ọlọ́pàá. Ìjọba ní Lomé ni ó ń gbà wọ́n síṣẹ́; láti ibẹ̀ ni owó oṣù wọn, ọkọ̀ wọn àti epo ọkọ̀ náà ti ń wá. Àwọn jándámù, tí ojú ọ̀nà àti àwọn abúlé jẹ́ ibi iṣẹ́ wọn jù, wà lára ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Ìgbìmọ̀ kọmúùnù lè kọ̀wé, ó lè bẹ̀bẹ̀, ó lè pe ìpàdé, ṣùgbọ́n kò lè fi ọlọ́pàá kan ṣoṣo kún iye tí ó wà.

Kí ni èyí túmọ̀ sí fún wa? Bí ẹ̀sùn wa bá jẹ́ pé ọlọ́pàá kò tó, tàbí pé wọn kò ní ọkọ̀ tí ó lè gun òkè Atakpamé ní òru, asán ni kí a lọ máa pariwo ní mérì. Ọ̀dọ̀ péréfẹ̀, tí ó dúró fún ìjọba ní Ogou, ni kí a kọ̀wé sí, àti sí àwọn aṣòfin wa ní Lomé, nítorí pé ilé aṣòfin ni ó ń dìbò lé ètò ìnáwó orílẹ̀-èdè lọ́dọọdún. Ibẹ̀ ni a ti ń pín owó epo ọkọ̀ ọlọ́pàá.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú. Ní Nàìjíríà, ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 mọ ẹgbẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo, Àbújá ni àṣẹ rẹ̀ sì ti ń wá. Gómìnà tí ará ìlú ń ké pè kò ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá fi pàdé ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 láti ṣí ẹgbẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn. Ní Benin, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà: láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018 ni wọ́n ti pa ọlọ́pàá àti jándámù pọ̀ di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tí à ń pè ní Police républicaine. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń wá ọ̀nà tirẹ̀. Ohun tí ó dájú ni pé, kí ènìyàn tó lè tún ilé ṣe, yóò kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó ni ilé náà.

ÌMỌ́LẸ̀, ỌJÀ ÀTI OJÚ PÓPÓ: TI KỌMÚÙNÙ NI

Olè fẹ́ràn òkùnkùn. Ó fẹ́ràn ilé àkọ́tì, ilẹ̀ tí igbó ti bò láàárín ìlú, ọjà tí kò ní ẹnu ọ̀nà, àti òpópó tí ọkọ̀ kò lè gbà kọjá. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Òfin ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2007, tí a ti tún ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, ni ó fi agbára fún àwọn kọmúùnù. Lọ́wọ́ wọn ni ìmọ́lẹ̀ ojú pópó, ojú ọ̀nà inú ìlú, ọjà, ibùdókọ̀ àti ìmọ́tótó wà.

Ẹ̀yin àgbà rántí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, a kò ní ẹni tí a lè bi léèrè. Ìdìbò kọmúùnù wáyé ní ọdún 1987, lẹ́yìn náà ó di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2019 kí a tó tún dì í. Ọmọ tí a bí ní ọdún ìdìbò àkọ́kọ́ yẹn ti di ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kí ó tó rí èkejì. Ní àárín ìgbà yẹn, àwọn tí ìjọba yàn ni wọ́n ń ṣàkóso ìlú, ìjọba tí ó yàn wọ́n ni wọ́n sì ń jíhìn fún. Nísinsìnyí, kọmúùnù 117 ni ó wà ní Togo. Atakpamé ni olú kọmúùnù Ogou 1. A sì tún dìbò ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 2025. Àwọn tí a yàn ń gbé láàárín wa. A mọ ilé wọn. A ń bá wọn pàdé níbi ìsìnkú àti níbi ìgbéyàwó.

Owó tí wọ́n ń ná, níbo ni ó ti ń wá? Apá kan ni tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ìyá wa ń gbà ní ọjà àti èyí tí àwọn awakọ̀ ń gbà ní ibùdókọ̀. Apá kejì ni owó orí lórí ilé àti lórí ìsọ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ OTR ń bá wọn gbà, tí ó sì ń dá ìpín tiwọn padà. Apá kẹta ni ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba ń pín fún àwọn kọmúùnù láti inú àpò tí à ń pè ní FACT. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìnáwó, bí ìyá ilé tí ó ń ka owó oúnjẹ sọ́tọ̀, owó ilé ìwé sọ́tọ̀. Ìwé náà ní ojú méjì. Ojú kìn-ín-ní ni ti ìnáwó ojoojúmọ́: owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, epo, bébà, àtúnṣe. Ojú kejì ni ti ohun tí yóò pẹ́: kànga, àgbékalẹ̀ ọjà, iná ojú pópó. Òfin kò gbà kí ohun tí ń jáde ju ohun tí ń wọlé lọ. Bí ojú kìn-ín-ní bá jẹ owó tán, kò ní sí iná.

Ìgbìmọ̀ kọmúùnù ni ó ń dìbò lé ìwé yìí, ìpàdé wọn kì í sì í ṣe ìpàdé awo: ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú. Mélòó nínú wa ni ó ti jókòó níbẹ̀ rí? Àwa tí a lè dúró ní ìlà fún wákàtí mẹ́ta láti gba omi, a lè jókòó fún wákàtí kan láti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pín owó wa. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí a mú lọ: Èló ni a rí gbà ní ọjà àti ní ibùdókọ̀ lọ́dún tí ó kọjá? Èló ni ó lọ sí ìmọ́lẹ̀ ojú pópó, àdúgbò wo ni a sì fi sí? Iná tí ó ti bàjẹ́, ta ni iṣẹ́ rẹ̀ láti tún un ṣe, ọjọ́ wo ni yóò sì ṣe é? Ẹni tí ó bèèrè báyìí kò bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọn yóò rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ ìwé ti ọdún tí ń bọ̀.

ÌDÍ TÍ ÀWỌN KAN FI Ń SÁ FÚN ÀGỌ́ ỌLỌ́PÀÁ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fẹ́ sọ sókè. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé ní ìlú yìí, bí a bá ní kí wọ́n lọ fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọn yóò dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Lẹ́yìn ikú Ààrẹ Gnassingbé Eyadéma ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 2005, àti lẹ́yìn ìdìbò ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún náà, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, Atakpamé sì wà lára àwọn ìlú tí ó jìyà jù. Àwọn tí Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè rán wá ṣe ìwádìí sọ pé ènìyàn tí ó kú ní gbogbo Togo tó 400 sí 500, wọ́n sì gbé ẹ̀bi tí ó pọ̀ jù lé àwọn agbófinró lórí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sá lọ sí Benin àti Ghana. Ẹni tí ó rí aṣọ ìjọba lọ́jọ́ náà, tí ó sá wọ igbó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, kò rọrùn fún un láti rí aṣọ kan náà lónìí kí ó sì sọ pé, "Ẹ gbà mí o."

Ní ọdún 2009 ni wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Òtítọ́, Ìdájọ́ òdodo àti Ìlàjà sílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Atakpamé nígbà náà, Nicodème Barrigah, ni wọ́n fi ṣe alága rẹ̀. Ó ju 20,000 ẹ̀rí lọ tí ìgbìmọ̀ náà gbà kí ó tó fi àbọ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2012. Àwọn tí ó lọ jẹ́rìí mọ̀ pé ọgbẹ́ tí a kò ṣí kì í jiná. A rán yín létí èyí kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ má baà fi àwọn òbí yín ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣiyèméjì. A sì ń sọ ọ́ fún àwọn ọlọ́pàá ọmọ ìjọ wa pẹ̀lú: ìgbẹ́kẹ̀lé kì í wá nípa àṣẹ. Ẹni tí ó bá fi sùúrù gba ẹjọ́ opó kan, tí kò béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀, ti tún apá kan ìlú yìí ṣe.

ÌDÍ TÍ A FI TÚN Ń RÍ OLÈ NÍ ỌJÀ

Ìbínú tí ó pọ̀ jù nínú ìlú ni èyí: "A mú un, a fà á lé wọn lọ́wọ́, wọ́n tú u sílẹ̀." Nígbà mìíràn, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ó fa èyí, ẹni tí ó bá sì rí i ní ẹ̀tọ́ láti fi sùn. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tí a kò mọ̀. Òfin Togo kò gbà kí ọlọ́pàá ti ènìyàn mọ́lé bí ó ti wù ú. Wákàtí 48 ni òfin fi sílẹ̀. Bí yóò bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, agbẹjọ́rò ìjọba tí à ń pè ní procureur ni yóò fọwọ́ sí i. Bí wákàtí náà bá pé, tí olóhun kò wá kọ ẹ̀sùn rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò wá jẹ́rìí, tí a kò sì rí ohun tí ó jí, kí ni ọlọ́pàá yóò fi dì í mú?

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ṣùgbọ́n bí olóhun kò bá yọjú ní ọjọ́ kan tirẹ̀, olè yóò lọ sílé. Nítorí náà, bí olè bá jà yín, ẹ lọ fúnra yín ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ mú ìwé alùpùpù lọ, tàbí rìsíìtì ohun tí ẹ rà. Ẹ mú ẹni tí ó rí olè náà lọ. Ẹ bèèrè orúkọ ẹni tí ó kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti wákàtí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó, ẹ bèèrè ìwé ẹ̀rí owó náà. Tí ọ̀rọ̀ bá sì di kánjúkánjú ní òru, 117 ni ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, 172 sì ni ti jándámù. Ẹ kọ wọ́n sára ògiri níbi tí ọmọdé lè rí i.

TÁYÀ ÀTI IṢÁNÁ

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Àwọn kan ti sọ fún wa láìtijú pé, "Níwọ̀n bí ìjọba kò ti ṣe é, àwa yóò sun ún." Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu, nítòsí Port Harcourt ní Nàìjíríà, àwọn ènìyàn mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Wọ́n ní wọ́n jí tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà. Wọ́n bọ́ wọn sí ìhòhò, wọ́n lù wọ́n káàkiri ìlú, wọ́n sì fi táyà sun wọ́n lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn ẹbí wọn ní gbèsè ni ọ̀kan nínú wọn lọ béèrè. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga dá ẹjọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí jẹ́ ọlọ́pàá. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tiyín ni ó lọ béèrè gbèsè ní àdúgbò tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n ńkọ́?

Nítòsí wa níhìn-ín pẹ̀lú, ní agbègbè Couffo ní Benin, ní ọdún 1999, àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń dọdẹ olè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyìn ará ìlú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń sun ẹni tí wọ́n bá fura sí, láìsí ẹjọ́, láìsí ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó bá ní ọ̀tá ní àdúgbò kò lè sùn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi òfin ilẹ̀ wa kún un. Ní oṣù kẹfà ọdún 2009, Togo fagi lé ìjìyà ikú. Adájọ́ tí ó ka ìwé òfin, tí ó gbọ́ ẹlẹ́rìí, tí ó gbọ́ ẹnu ẹni tí a fẹ̀sùn kàn, kò ní àṣẹ láti pa á. Ta ni ó wá fún àwọn ọmọkùnrin ìkóríta ní àṣẹ tí adájọ́ kò ní? Àwa tí a kọ́ àwọn ọmọ wa ní Òfin Mẹ́wàá mọ̀ pé ti olè ni òfin keje, ti ìpànìyàn sì ni òfin karùn-ún. Ẹni tí ó bá rú òfin karùn-ún nítorí òfin keje kò gbèjà òfin kankan. Tẹlifóònù ṣeé rà padà.

ỌDẸ ÀDÚGBÒ, PẸ̀LÚ ÌWÉ

Ṣé kí a wá káwọ́ gbera ni? Rárá o. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Àwọn àdúgbò kan ti ń gba ọdẹ alẹ́, ohun tí ó dára ni bí a bá ṣe é létòlétò. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin Togo gbà ni 52,500 fúráǹkì. Ọdẹ méjì yóò gba 105,000. Bí ilé 70 bá pín in, ilé kọ̀ọ̀kan yóò san 1,500 lóṣù, ìyẹn 50 fúráǹkì lójúmọ́. Kò tó owó gààrí ẹnìkan. Ṣùgbọ́n fún opó tàbí fún ẹni tí kò ríṣẹ́, ó lè wúwo, kí àwọn tí ó ní ran irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, "Ẹni tí kò san, kí olè máa jà á."

Nǹkan mẹ́rin ni a gbọdọ̀ rí kí ọdẹ náà má baà di olè mìíràn. Kí baálé àdúgbò àti ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè àdúgbò mọ̀ wọ́n, kí orúkọ wọn sì wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Kí wọ́n ní fèrè àti tọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe ìbọn. Bí wọ́n bá mú ẹnikẹ́ni, kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá tàbí jándámù lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, láìlù ú. Kí ẹni tí ó ń gba owó máa ka ìwé rẹ̀ fún gbogbo ilé ní ìparí oṣù. Bí a kò bá lè ṣe ìṣirò 105,000 fún ara wa, ojú wo ni a ó fi bèèrè ìṣirò mílíọ̀nù lọ́wọ́ kọmúùnù?

LÁTI INÚ ILÉ

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá, a kò ní parí ọ̀rọ̀ yìí láìwọ inú yàrá wa. Alùpùpù tí wọ́n jí ní Agbonou, ẹnìkan ń ra táyà rẹ̀. Tẹlifóònù tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan ní ibùdókọ̀, ẹnìkan ń rà á ní ìdajì owó, ó sì ń dúpẹ́ pé òun rí ọjà tó pọ̀. Ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ohun tí owó rẹ̀ bá kéré ju bí ó ti yẹ lọ, tí kò ní ìwé, tí ẹni tí ó ń tà á kò fẹ́ sọ ilé rẹ̀, ẹ má rà á.

Bí ọmọ yín bá sì mú ohun tuntun wọlé, ẹ bèèrè ibi tí ó ti rí i. Kí bàbá má ṣe dákẹ́ nítorí pé ọmọ náà ra iṣu wá sílé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí à ń pè ní olè ìgboro ni ọmọ tí ó fi ilé ìwé sílẹ̀, tí kò rí ẹni gbà á síṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin káfíńtà, ọmọ kan tí ẹ bá gbà kọ́ṣẹ́ lónìí lè jẹ́ ẹni tí kì bá ti fọ́ ilẹ̀kùn yín lọ́la.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà rí. Ti ọlọ́pàá, kí a kọ̀wé sí péréfẹ̀ àti sí aṣòfin. Ti ìmọ́lẹ̀ àti ọjà, kí a jókòó sí ìpàdé kọmúùnù, kí a sì bèèrè ìwé owó. Ti ẹ̀rí, kí olóhun lọ fúnra rẹ̀ kí wákàtí 48 tó pé. Ti ọdẹ, kí a san 1,500 kí a sì ka ìwé. Ti ọjà olè, kí a fi sílẹ̀. Ti táyà àti iṣáná, kí ó má ṣe wáyé láàárín wa láé. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan nínú wọn ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí wọ́n jọ sọ ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí àwọn ọmọ sì wà níbẹ̀.